Ṣé kí n máa kọ CSS lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún bíráúsà kọ̀ọ̀kan ni? Orúkọ àti owó pínyà lórí Opera Mini

Ọmọ Aláṣọ (Ọjọ́ Ajé, 8:10 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Àkúrẹ́ ni mò ń gbé. Màmá mi ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ní ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí wọ́n ń dáwó sí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Èmi ni mo bá wọn ṣe ìkànnì kékeré kan, kí kálukú lè máa wo iye tó ti dá, kí wọ́n yé pe akọ̀wé láàárọ̀ lálẹ́.

Lórí lápútọ́ọ̀pù mi, nínú Chrome, bíráúsà tí mo fi ń ṣí ìkànnì, ó tò dáadáa. Grid ni mo lò, ìlànà tó ń pín ojúewé sí òpó nínú CSS, èdè tí a fi ń to ìrísí ojúewé: mo kó gbogbo orúkọ sí òpó kan, gbogbo ọjọ́ sí òpó kejì, gbogbo owó sí òpó kẹta. Ní Sátidé mo gbé e dé ọjà. Ìyá kan tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí ti màmá mi ṣí i lórí fóònù tirẹ̀. Opera Mini ló ń lò. Grid ò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rárá. Orúkọ gbogbo wọn tò wálẹ̀ lókè, ọjọ́ tò tẹ̀lé e, owó wá wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ìyá náà ń fi ìka wọ́ ojú fóònù títí ó fi bá owó àkọ́kọ́ pàdé, ẹgbẹ̀rún méjì náírà, ó sì gbà pé tòun nìyẹn. Kò tíì yẹ ọ̀sẹ̀ kan láti oṣù kìíní. Kò pariwo. Ó kàn yíjú sí akọ̀wé, ó ní, “Kí ni mo fi ṣe ọ́?” Ó tó wákàtí kan kí a tó fi ìwé ńlá hàn án pé owó rẹ̀ pé. Akọ̀wé yẹn sunkún, ẹ jọ̀ọ́. Èmi ni mo fà á.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n máa yẹ User-Agent wò, ìyẹn orúkọ tí bíráúsà máa ń pe ara rẹ̀ nígbà tó bá kan ilẹ̀kùn sáfà, ẹ̀rọ tó ń gbé ìkànnì jáde. Mo kọ ọ́ ní PHP, èdè tó ń ṣiṣẹ́ lórí sáfà: bí “Opera Mini” bá wà nínú orúkọ náà, kí sáfà gbé opera.css jáde, bí kò bá sí, kí ó gbé chrome.css. Ó ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ kan. Lánàá, ìyá mìíràn tí fóònù rẹ̀ ti pẹ́, tó ń lo bíráúsà tó bá fóònù náà wá, bá orúkọ àti owó níbi tí wọ́n ti tún pínyà. Lálẹ́ ọjọ́ kan náà, lápútọ́ọ̀pù tèmi gan-an gbé opera.css wá fún mi. Ṣé kí n kọ fáìlì kẹta ni? Àbí kí n kọ mẹ́wàá?

Ohun kan tún wà. “Ọjọ́” ń jáde bí □j□ lórí fóònù ìyá àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni mo ti gbé fọ́ǹtì tó ní àmì sórí ìkànnì náà.

Ẹ̀gbọ́n Alágbàká (Ọjọ́ Ajé, 8:32 alẹ́)

Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Kó o tó kọ ẹ̀kẹta, wo lọ́ọ̀gù sáfà rẹ, àkọsílẹ̀ àwọn tó ti kàn án, kó o sọ orúkọ tí ẹ̀rọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń pe ara wọn fún wa.

Ọmọ Aláṣọ (Ọjọ́ Ajé, 8:51 alẹ́)

Mo ti rí i, sà. Fóònù ìyá àkọ́kọ́: Opera/9.80 ló fi bẹ̀rẹ̀, Opera Mini wà láàárín, Presto wà lẹ́yìn. Fóònù kejì: Mozilla/5.0, Android 4.2, AppleWebKit, Mobile Safari. Lápútọ́ọ̀pù mi: Mozilla/5.0, Windows, AppleWebKit, KHTML, like Gecko, Chrome, Safari. Kò yé mi. Chrome nìkan ló wà lórí ẹ̀rọ mi. Mi ò ní Mozilla, mi ò sì ní Safari.

Olùkọ́ Òǹdó (Ọjọ́ Ajé, 9:40 alẹ́)

Ibi tó yẹ kó o dúró sí nìyẹn, ọmọ mi: orúkọ tí kò bá ẹni tó ń jẹ́ ẹ mu. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà nílùú Òǹdó níbí, gbogbo sáà ni mo sì máa ń sọ ìtàn yìí fún wọn kí n tó jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan CSS.

Láàárín ọdún 1990 sí 2000, bíráúsà Netscape ló gba ìgboro, Mozilla ni ó sì ń pe ara rẹ̀ níwájú sáfà. Ó mọ̀ ọ́n pín ojúewé sí yàrá yàrá, èyí tí wọ́n ń pè ní frames. Àwọn tó ń kọ ìkànnì wá pàṣẹ fún sáfà pé ẹni tó bá jẹ́ Mozilla nìkan ni kó rí frames. Nígbà tí Internet Explorer ti Microsoft dé, òun náà mọ frames, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò gbé e fún un nítorí orúkọ. Ló bá kọ Mozilla sára orúkọ tirẹ̀. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ bíráúsà tuntun ti ń jẹ́ Mozilla. KHTML, ẹ̀rọ kan tó ń to ojúewé nínú bíráúsà, dé, ó ní òun dà bíi Gecko, ẹ̀rọ ti Mozilla. Apple mú KHTML, ó sọ ọ́ di WebKit, Safari jáde ní 2003, ó ru orúkọ àwọn tó ṣáájú. Chrome jáde ní 2008, ó fi Safari kún un. Edge òde òní sọ pé òun ni Mozilla, òun ni Chrome, òun ni Safari, kó tó wá fi Edg sí ìparí. Bí ẹ bá wá “Chrome” nínú orúkọ, Edge á bá a wọlé, Opera orí lápútọ́ọ̀pù náà á bá a wọlé.

Bíráúsà tó tilẹ̀ fẹ́ sọ òótọ́, a kì í jẹ́ kó sọ ọ́. Opera dé ẹ̀dà 10 ní ọdún 2009. Ọ̀pọ̀ ìkànnì ló ń ka nọ́ńbà kan ṣoṣo, wọ́n rí 1 níwájú, wọ́n sì kà á sí Opera àkọ́kọ́, wọ́n lé e dànù. Ohun tí Opera ṣe ni pé ó kọ 9.80 síwájú, ó fi ẹ̀dà rẹ̀ gan-an pamọ́ sẹ́yìn. 9.80 tó o rí lórí fóònù ìyá yẹn, àpá ọgbẹ́ yẹn ni.

Èyí tó dun àwọn Opera jù ni ti 2003. Ìkànnì MSN ń fún Opera 7 ní CSS tó yàtọ̀ sí ti Internet Explorer, nínú rẹ̀ ni margin (àlàfo ẹ̀gbẹ́) kan wà tó fa ọ̀rọ̀ sí apá òsì ní píksẹ́ẹ̀lì 30, tí ojúewé fi dà bí èyí tó fọ́. Àwọn Opera yí lẹ́tà díẹ̀ padà nínú orúkọ wọn, wọ́n padà lọ kan ilẹ̀kùn kan náà, wọ́n sì rí CSS tó dára gbà. Bíráúsà kan náà ni, agbára kan náà ni, orúkọ nìkan ló yí. Mo bẹ̀ ọ́, má kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ fún àwọn ìyá wa.

Oníṣẹ́ Sáfà (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:05 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀. Ti lápútọ́ọ̀pù tó gba opera.css, PHP rẹ kọ́ ló ṣẹ̀. Ó dá mi lójú pé cache, ibi tí wọ́n ń tọ́jú ẹ̀dà ojúewé sí, wà níwájú sáfà rẹ. Ìyá kan fi Opera Mini ṣí ojúewé, PHP se oúnjẹ tirẹ̀, cache sì gbé àwo náà sílẹ̀ de ẹni tó ń bọ̀. Ìwọ wọlé lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n gbé àwo ìyá yẹn fún ọ. Bí o bá fẹ́ kó dáwọ́ dúró, PHP rẹ gbọ́dọ̀ fi Vary: User-Agent ránṣẹ́ pẹ̀lú ojúewé, kí cache lè mọ̀ pé oúnjẹ yìí yàtọ̀ láti orúkọ dé orúkọ. Ṣùgbọ́n mọ̀ pé orúkọ fóònù pọ̀ bí ewé. Ẹ̀dà kan fún orúkọ kan, cache ò ní wúlò mọ́.

Síbẹ̀, mi ò gbà pẹ̀lú Olùkọ́ tán. Dátà wọ́n. Àwọn ìyá wọ̀nyí ń ra ti igba náírà, wọ́n ń ṣọ́ ọ lò. Bí mo bá mọ̀ pé Opera Mini ló ń bọ̀, kí ni mo fẹ́ fi CSS gígùn tí kò lè lò dí i lẹ́rù sí? Kí n fún un ní fáìlì fúyẹ́, ó tán.

Ẹ̀gbọ́n Alágbàká (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:48 àárọ̀)

Oníṣẹ́ Sáfà, ọ̀rọ̀ dátà yẹn ká èmi náà lára, ṣùgbọ́n ibi tí ẹ gbé e kà kọ́ ló wà. Nígbà tí Opera Mini bá wà ní ipò tó ń fún dátà pọ̀ jù lọ, èyí tí wọ́n ń pè ní Extreme, fóònù kì í wá sọ́dọ̀ sáfà yín rárá. Sáfà Opera ló ń wá. Òun ló máa gba HTML (egungun ojúewé), CSS àti àwòrán, òun ló máa to ojúewé, á wá fún gbogbo rẹ̀ pọ̀, á sì gbé èyí tó ti tò tán ránṣẹ́ sí fóònù. CSS gígùn yẹn, owó Opera ló ń ná, kì í ṣe ti ìyá.

Ohun tó ń jẹ dátà àti sùúrù níbẹ̀ ni JavaScript, èdè tó ń mú kí ojúewé ṣe nǹkan bí a bá tẹ̀ ẹ́. Nítorí sáfà Opera ló ń ṣiṣẹ́ náà, gbogbo ìgbà tí ìyá bá tẹ bọ́tìnnì tó ń fi JavaScript ṣí nǹkan, fóònù ní láti padà lọ bá sáfà yẹn, kó dúró de èsì. Bí àtòjọ ìkànnì rẹ bá ń fara pamọ́ tí ó sì nílò JavaScript kó tó yọjú, àbúrò, yọ ọ́ kúrò lónìí.

Kó o tún mọ èyí: lórí Android, Opera Mini kan náà ní ipò mìíràn tí wọ́n ń pè ní High. Níbẹ̀, ẹ̀rọ tó wà nínú fóònù fúnra rẹ̀ ló ń to ojúewé, ó mọ grid, orúkọ rẹ̀ sì yàtọ̀, OPR ló máa wà nínú rẹ̀. Ìyá kan náà, fóònù kan náà, ó kàn yí ètò padà, ó di ẹlòmíràn lójú PHP rẹ. Chrome orí Android náà ti dín ohun tó ń sọ kù: ó máa ń sọ pé Android 10 ni òun wà lórí rẹ̀, ó sì ń kọ K dípò irú fóònù, ohun yòówù kí fóònù náà jẹ́. Ilẹ̀ tó ń yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ ni ìwọ fẹ́ fi ṣe ìpìlẹ̀.

Ọmọ South Gate (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:20 ọ̀sán)

FUTA ni mo wà, ọdún kẹta. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó tún ìkànnì tèmi ṣe. Mi ò béèrè orúkọ mọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ ni mò ń béèrè.

CSS ní òfin kan tó wà nídìí rẹ̀ láti ilẹ̀ wá: ohun tí bíráúsà kò bá mọ̀, ó máa fò ó, á sì máa ka ìyókù lọ láìbínú. Bí ìlànà méjì bá sì kan ohun kan náà, èyí tó wà nísàlẹ̀ ló borí. Fi méjèèjì pọ̀, o ti rí ọ̀nà. Bí àpẹẹrẹ, bí o bá fẹ́ kí nǹkan ga tó ojú fóònù, kọ èyí:

height: 100vh;
height: 100dvh;

Bíráúsà àtijọ́ á mú ti òkè, kò ní mọ ti ìsàlẹ̀. Tuntun á mú ti ìsàlẹ̀, tó mọ bí àpótí àdírẹ́sì bíráúsà ṣe ń wọlé tó ń jáde. Fáìlì kan, ẹnikẹ́ni ò jẹ́ orúkọ.

Bí ohun tó o fẹ́ ṣe bá ju ìlà kan lọ, @supports wà. O máa fi display: grid sínú àkámọ́ lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo ìlànà tó jẹ mọ́ grid á sì wọ inú ilé náà. Bíráúsà tó bá mọ grid á wọlé. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n á kọjá lọ. Chrome 28 àti Firefox 22 ti ní in láti 2013, Safari 9 gbà á ní 2015, Internet Explorer kò gbà á títí ó fi kú. Grid fúnra rẹ̀ kò wọ Chrome, Firefox àti Safari títí di oṣù kẹta ọdún 2017, nítorí náà Android 4.2 ti ìyá kejì kò lè mọ̀ ọ́n láéláé.

Ẹ ṣọ́ra fún @supports not o, èyí tó wà fún bíráúsà tí kò mọ nǹkan náà. Mo jìyà níbẹ̀ ní alẹ́ odindi. Mo kó CSS àwọn fóònù àtijọ́ sínú rẹ̀, mo rò pé mo gbọ́n. Bíráúsà tí kò mọ @supports, kò mọ @supports not náà, ó fo gbogbo rẹ̀, ojúewé wá wà níhòòhò. Ohun tó wà fún gbogbo ènìyàn, ìta ni kó wà, láìní àkámọ́ kankan lórí. Ohun tuntun ló ń wọ inú.

Àǹtí Oníṣirò (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:15 alẹ́)

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ láti òkè. Mi ò kọ kóòdù tó yín, ìwé owó ni mò ń kọ láti ogún ọdún, ṣùgbọ́n mo mọ HTML díẹ̀. Ohun kan ń yà mí lẹ́nu, ẹnikẹ́ni ò sì tíì sọ ọ́. Ọmọ Aláṣọ, o ní o kó gbogbo orúkọ sí òpó kan, gbogbo owó sí òpó mìíràn. Ìyẹn ni pé nínú HTML rẹ gan-an, orúkọ ìyá yìí àti owó rẹ̀ jìnnà síra. Grid nìkan ló ń so wọ́n pọ̀. Bí grid bá ti lọ, kò sí ohunkóhun tó sọ pé owó yìí ti ẹni yìí ni.

Nínú ìwé ńlá tí akọ̀wé gbé jáde ní ọjà lọ́jọ́ yẹn, ṣé bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn? Ìlà kan, ènìyàn kan: orúkọ, ọjọ́, owó. Bí omi bá dà sórí rẹ̀, tí ìlà rúlà parẹ́, owó ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ. Kí ló dé tí kì í ṣe table (àtẹ) lásán lo lò?

Ọmọ Aláṣọ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:33 alẹ́)

Mà, wọ́n sọ fún mi níbi tí mo ti kọ́ iṣẹ́ pé table ti di ohun àtijọ́, pé ẹni tó bá ń lò ó kò mọ iṣẹ́.

Olùkọ́ Òǹdó (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:02 alẹ́)

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n sọ fún ọ. Ohun tí a kọ̀ ni pé kí èèyàn fi table to odindi ojúewé: àmì ìdánimọ̀ lókè, àtòjọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀rọ̀ láàárín, bí a ti ń ṣe kí CSS tó lágbára. Àkọsílẹ̀ owó kì í ṣe ìyẹn. Àtẹ gidi ni, table sì ni ilé rẹ̀. Ó ti wà nínú HTML 3.2 láti ọdún 1997. Presto, ẹ̀rọ tó ń to ojúewé fún Opera Mini, mọ̀ ọ́n, Android 4.2 mọ̀ ọ́n, ẹ̀rọ tó ń ka ojúewé sókè fún afọ́jú náà mọ̀ ọ́n, á máa pe orúkọ ìyá kó tó pe owó rẹ̀.

Àǹtí Oníṣirò, ẹ kú ojú rere. Gbogbo wa ń jà lórí ẹ̀wù, ẹ̀yin lẹ rí i pé egungun ni kò tò.

Ọmọ mi, tr (ìlà) kan fún ìyá kan. Orúkọ rẹ̀ kó wà nínú th (àpótí orí ìlà), kó o kọ scope="row" sí i. Ọjọ́ àti owó nínú td (àpótí lásán). Fi text-align: right sí òpó owó kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún lè bọ́ sábẹ́ ara wọn. Fi border tẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan kí ojú má bàa yẹ̀. Ìyẹn ni ìpìlẹ̀, ibi gbogbo ló ti máa hàn. Lẹ́yìn náà ni kó o wá ṣe ẹ̀ṣọ́: orí àtẹ tó dúró lókè nígbà tí wọ́n bá ń wọ́ ọ wálẹ̀, igun róbótó, òjìji. Opera Mini ò mọ border-radius, igun á ṣe ṣóńṣó lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò sí owó ẹnikẹ́ni tó sọnù nínú igun.

Atúnwèéṣe (Ọjọ́rú, 6:40 àárọ̀)

Ẹ jẹ́ kí n gbé □j□ yẹn, iṣẹ́ ojoojúmọ́ mi ni. Ìwé Yorùbá ni mò ń tò.

Àkọ́kọ́, fọ́ǹtì tó o gbé sórí ìkànnì kò dé ọ̀dọ̀ ìyá náà. Opera Mini ní ipò Extreme kì í gba @font-face, fọ́ǹtì tó wà nínú fóònù ló ń lò. Àpótí tó o rí túmọ̀ sí pé fọ́ǹtì yẹn kò ní àwòrán lẹ́tà náà.

Èkejì, wo bí wọ́n ṣe tẹ lẹ́tà náà. Unicode, àkójọ tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ní ọ gẹ́gẹ́ bí odindi lẹ́tà kan, U+1ECD. Kò ní ọ́ ní odindi, nítorí náà ọ náà ni a máa ń kọ, kí a fi àmì òkè, U+0301, lé e. Ṣùgbọ́n àwọn kíbọ́ọ̀dù kan máa ń kọ o lásán, wọ́n á fi àmì ìsàlẹ̀ sí i lọ́tọ̀, U+0323, kí wọ́n tó fi ti òkè. Ojú kò lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ lórí fóònù tuntun. Lórí ti àtijọ́, àmì á ya lọ sápá kan tàbí kó di àpótí. PHP ní Normalizer nínú àfikún rẹ̀ tó ń jẹ́ intl, ohun èlò tó ń sọ ọ̀nà ìkọ lẹ́tà di ọ̀kan. Gba gbogbo ọ̀rọ̀ kọjá níbẹ̀ kí o tó kó o pamọ́, á sọ o àti àmì ìsàlẹ̀ di ọ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ bá lo ìlà òòró, U+0329, dípò àmì tótó, Normalizer kò ní fọwọ́ kàn án. Ìwọ fúnra rẹ ló máa pààrọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, bí àpótí bá ṣì kù lórí fóònù kan, CSS ò lè wò ó sàn. Kọ ọjọ́ ní nọ́ńbà, kí ohun tí owó rọ̀ mọ́ lè hàn. Má ṣe torí fóònù kan yọ àmì kúrò lórí orúkọ gbogbo wọn. Orúkọ ìyá ẹni ni.

Oníṣẹ́ Sáfà (Ọjọ́rú, 12:11 ọ̀sán)

Ẹ̀gbọ́n Alágbàká, mo ti gbọ́ ti sáfà Opera, mo gbà. Mi ò mọ̀ pé CSS kì í dé fóònù.

Ìdí kan ṣoṣo ni mo ṣì fi ń wo orúkọ: ìgbà tí bíráúsà bá sọ pé òun mọ nǹkan kan, tí ó sì ń ṣe é ní ìṣekúṣe. @supports á gbà á gbọ́, nítorí ohun tó sọ ni @supports ń gbọ́. Ní àkókò Internet Explorer 6 ní káfẹ́ẹ̀, ó mọ float, ìlànà tó ń fa nǹkan sí ẹ̀gbẹ́ kan, ṣùgbọ́n tí o bá fi margin sí i ní apá kan náà, ó máa ń sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ìgbà yẹn, Microsoft fúnra rẹ̀ ṣe ilẹ̀kùn fún wa: kọ́mẹ́ǹtì tí Internet Explorer nìkan ń kà, a máa ń fi CSS àtúnṣe sínú rẹ̀, àwọn yòókù á rí i bíi kọ́mẹ́ǹtì lásán. Ó wà láti ẹ̀dà 5, wọ́n yọ ọ́ ní ẹ̀dà 10, ní 2012.

Ẹ̀gbọ́n Alágbàká (Ọjọ́rú, 12:40 ọ̀sán)

Èyí, mo gbà á pátápátá. Àìsàn kan pàtó, ẹ̀dà kan pàtó, ìlà méjì tàbí mẹ́ta, kí o kọ ìdí rẹ̀ àti ọjọ́ tó o kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè yọ ọ́ nígbà tí àìsàn náà bá tán. Òògùn nìyẹn. Òògùn kì í ṣe oúnjẹ.

Ọmọ Aláṣọ (Sátidé, 5:55 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo yín. Ọjà ni mo ti ń bọ̀.

Mo pa opera.css àti chrome.css rẹ́, mo yọ PHP tó ń wo orúkọ kúrò. CSS kan ló kù. Table ni àkọsílẹ̀ náà báyìí, ìlà kan fún ìyá kan bí Àǹtí Oníṣirò ṣe wí. Nínú @supports ni mo kó ẹ̀ṣọ́ sí. Àtòjọ ti jáde síta, kò nílò JavaScript mọ́. Mo gba gbogbo orúkọ kọjá nínú Normalizer. Mọ́kànlá nínú wọn ni mo bá pẹ̀lú ìlà òòró, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. “Ọjọ́” jáde dáadáa lórí fóònù ìyá àkọ́kọ́. Lórí ti Android 4.2, àmì òkè ṣì ń yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, nítorí náà mo kọ ọjọ́ ní nọ́ńbà.

Mo lọ bá ìyá àkọ́kọ́ ní ìsọ̀ rẹ̀ kí n tó bá màmá mi. Opera Mini kan náà, kò yí ohunkóhun padà. Ó fi èékánná tọ ìlà tirẹ̀ láti orúkọ dé owó, ó ka iye náà sókè lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ló ránṣẹ́ pe akọ̀wé láti ìsọ̀ kejì, ó na fóònù náà sí i, ó sì sún fún un lórí àga kó jókòó.